Kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì yẹn: bẹ́ ẹ ṣe máa gbé kọ̀ǹpútà yín láti Windows 10 lọ sí Windows 11 láìpàdánù nǹkan kan

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá, èmi àti àbúrò mi obìnrin jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ẹ̀, ojú ẹ̀ ti di búlúù, kò sí àwòrán, kò sí fáìlì, àpótí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tó ń béèrè nọ́ńbà 48 lọ́wọ́ wa. Nọ́ńbà 48! Ó ní òun ò mọ nọ́ńbà kankan o, páswọ́ọ̀dù tóun fi ń wọlé nìkan lòun mọ̀. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọdún méjì tó fẹ́ fi gba ìwé ẹ̀rí ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Èmi ni mo sì fà á, torí mo ní kí n bá a gbé e lọ sí Windows 11, mo wá ní kí n kọ́kọ́ ṣe ápdéètì BIOS, ìyẹn ètò kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó tàn, kí iṣẹ́ lè lọ geere, mi ò wò ó bóyá BitLocker, ìyẹn àgádágodo tí Windows fi ń ti dísíkì pa, wà lórí ẹ̀, mo kàn tẹ̀ ẹ́ ni.

Ọjọ́ kejì la tó rí i ṣí, lẹ́yìn tá a ti fi gbogbo àárọ̀ wá páswọ́ọ̀dù ímeèlì àtijọ́ kan tí kò lò mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Látìgbà náà mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni mọ́ láìkọ́kọ́ ṣe àwọn nǹkan tí mo fẹ́ kọ síbí yìí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, torí pé ohun tó máa ń ba ápgíréèdì jẹ́, kì í sábà jẹ́ inú ápgíréèdì gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ohun tá ò ṣe ká tó tẹ bọ́tìnì ni. Ẹ mọ ọ̀nà àbọ̀ kẹ́ ẹ tó mọ ọ̀nà àlọ.

Kí ló tiẹ̀ dé tá a fi ń ṣe é? Windows 10 jáde ní oṣù keje ọdún 2015, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 sì ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ẹ̀ dúró. Ẹ̀rọ yín ò ní kú o, ó máa ṣì máa tàn, iṣẹ́ máa ṣì máa lọ, àmọ́ ihò tuntun táwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí lára ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá yín dí i mọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó di dandan, kì í ṣe torí pé Windows 11 rẹwà jù.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ yín lè gbà á

Microsoft ní áàpù kan tó ń jẹ́ PC Health Check, ẹ dáńlóòdù ẹ̀ látọ̀dọ̀ Microsoft fúnra wọn, ẹ ṣí i, ẹ tẹ Check now. Ó máa sọ fún yín bóyá ẹ̀rọ yín yẹ tàbí kò yẹ, tí kò bá yẹ, ó máa sọ ohun tó fà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn bá rí i pé ó ní kò yẹ, wọ́n á ti lọ máa wá owó ẹ̀rọ tuntun. Ẹ dúró ná.

Ohun tí Windows 11 ń béèrè ni RAM 4GB, dísíkì 64GB, processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tó jẹ́ 64-bit, UEFI (irú BIOS tòde òní) tó ní Secure Boot (ààbò tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ nígbà tó bá ń tàn), àti TPM 2.0. RAM àti dísíkì yẹn, ẹ̀rọ tó pọ̀ ló ní in. Èmi ò tiẹ̀ ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó fi 4GB lò ó, ó máa máa wọ́ bí ìgbín, 8GB ni kẹ́ ẹ fojú sí. Àwọn tó ń dá èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà ni TPM àti ọjọ́ orí processor.

TPM ni ohun kékeré tó ń bá kọ̀ǹpútà tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Ẹ tẹ kíì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ tpm.msc, ẹ tẹ Enter. Bó bá ṣí, ẹ wo apá ọ̀tún nísàlẹ̀, ibi tí wọ́n kọ Specification Version sí, 2.0 lẹ fẹ́ rí níbẹ̀. Bó bá wá ní òun ò rí TPM kankan, ẹ má tíì sọ̀rètí nù, torí nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, pàápàá àwọn tó ń jókòó sórí tábìlì, TPM wà níbẹ̀, wọ́n kàn pa á sínú BIOS ni. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ ti Intel, orúkọ tẹ́ ẹ máa wá nínú BIOS ni PTT, tó bá jẹ́ ti AMD, fTPM ni. Ẹ tan án, ẹ sévù, kẹ́ ẹ jáde. Àmọ́ ẹ má wọ BIOS o títí tẹ́ ẹ fi ka Ìgbésẹ̀ 3, mo bẹ̀ yín.

Ẹ tún tẹ Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ msinfo32. Níbẹ̀ ẹ máa rí BIOS Mode, ó yẹ kó jẹ́ UEFI. Bẹ́ ẹ bá rí Legacy, ìyẹn irú ti àtijọ́, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ náà mọ UEFI, àmọ́ wọ́n to dísíkì ẹ̀ ní ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní MBR. Microsoft ti fi irinṣẹ́ kan sínú Windows tó lè yí i padà sí GPT, ìyẹn ọ̀nà tuntun, láìpa fáìlì rẹ́. Ẹ ṣí Command Prompt (àpótí dúdú tá a ti ń kọ àṣẹ fún Windows) gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ kọ́kọ́ kọ èyí tó kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò lásán:

mbr2gpt /validate /allowFullOS

Bó bá ní ó yege, ẹ wá kọ:

mbr2gpt /convert /allowFullOS

Lẹ́yìn náà ẹ gbọ́dọ̀ wọ BIOS kẹ́ ẹ yí i láti Legacy sí UEFI, àìṣe bẹ́ẹ̀ Windows ò ní tàn. Bí dísíkì yín bá ti ní partition (ibi tí wọ́n pín dísíkì sí) tó ju mẹ́ta lọ, kò ní gbà. Ẹ má sì dán èyí wò rárá láìtíì ṣe Ìgbésẹ̀ 2 àti Ìgbésẹ̀ 3.

Ti processor, Intel láti ìran kẹjọ sókè ni wọ́n sábà máa ń gbà. Báwo lẹ ṣe máa mọ ìran? Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5 tàbí i7 yẹn nínú Settings, ní System, ní About. i5-7200U, 7 ló fi bẹ̀rẹ̀, ìran keje nìyẹn, kò yẹ. i5-8250U, ìran kẹjọ, ó yẹ. i5-1135G7, ìran kọkànlá nìyẹn, kì í ṣe ìran kìíní o. Ní ti AMD, nọ́ńbà Ryzen máa ń tan èèyàn jẹ, ẹ jẹ́ kí PC Health Check fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nínú About yẹn kan náà, ẹ wo System type. Bó bá jẹ́ 32-bit operating system ló wà níbẹ̀, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè gbé e gorí Windows 11 tààrà, àfi kẹ́ ẹ nu ẹ̀rọ mọ́ kẹ́ ẹ wá fi tuntun sí i.

Tó bá wá jẹ́ pé kò yẹ lóòótọ́ ńkọ́? Ọ̀nà kan ni ESU, ìyẹn ni pé Microsoft á ṣì máa fi àtúnṣe ààbò nìkan ránṣẹ́ sí Windows 10 yín títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Version 22H2 lẹ gbọ́dọ̀ wà, ẹ sì máa nílò àkáǹtì Microsoft, nínú Windows Update lẹ ti máa rí ibi tí wọ́n kọ Enroll now sí. Ọ̀nà kejì ni Linux, ìyẹn ètò mìíràn tó lè rọ́pò Windows, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ọ̀nà kẹta ni káwọn èèyàn máa fi ọgbọ́n yẹra fún àyẹ̀wò kí wọ́n fi Windows 11 sí ẹ̀rọ tí kò yẹ. Ó ṣeé ṣe, mo ti rí i tó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Microsoft ti sọ ọ́ pé àwọn ò ṣèlérí ápdéètì fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, torí náà bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń jẹun ni, ẹ má ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kó ẹrù yín jáde

Ibí yìí làwọn èèyàn ti máa ń sọ pé "kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀". Òótọ́ ni, lọ́pọ̀ ìgbà kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀, ápgíréèdì kì í pa fáìlì rẹ́. Àmọ́ ọjọ́ tó bá máa ṣẹlẹ̀, kì í sọ fúnni tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá dísíkì tó ń jókòó síta, ẹ kó Documents, Pictures, Desktop, Downloads àti Videos yín síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé dísíkì yẹn lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn kẹ́ ẹ ṣí fáìlì mélòó kan wò, ẹ ṣí fọ́tò kan, ẹ ṣí ìwé kan, ẹ ṣí fídíò kan títí tó fi máa dún. Ẹ̀dà tẹ́ ò tíì ṣí wò, ẹ má tíì pè é ní bákáàpù.

Ẹ ṣọ́ra fún OneDrive. Bí OneDrive bá wà lórí ẹ̀rọ yín, ó lè jẹ́ pé fáìlì tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn ò sí nínú ẹ̀rọ rárá, orúkọ ẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, òun fúnra ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fáìlì, bó bá jẹ́ àwòrán ìkùukùu, kò sí lọ́dọ̀ yín. Ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún mouse lórí fọ́ldà yẹn, ẹ yan Always keep on this device, ẹ dúró kó dáńlóòdù tán kẹ́ ẹ tó kó o.

Àwọn nǹkan tá a máa ń gbàgbé nìyí o: páswọ́ọ̀dù tí bráúsà bá yín tọ́jú, ẹ rí i pé ó ti wà lórí àkáǹtì yín tàbí kẹ́ ẹ kó o jáde, fáìlì Outlook tó ń parí sí .pst, inú Documents ló sábà máa ń wà, nínú fọ́ldà tó ń jẹ́ Outlook Files. Kíì àwọn prọ́gíráàmù tẹ́ ẹ fowó rà. Àti ibi tí prọ́gíráàmù ìṣírò owó tàbí ti iṣẹ́ yín ń kó dáta ẹ̀ sí, torí èyí gan-an kì í sí nínú Documents, ó lè wà nínú ProgramData tàbí AppData tí Windows fi pa mọ́. Ẹ ṣí prọ́gíráàmù náà, ẹ lo bákáàpù tiẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Nọ́ńbà 48 yẹn

Ẹ má fo ibí yìí. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù òde òní ló ti fi BitLocker ti dísíkì ẹ̀ pa látìgbà tí ẹni tó ni ín ti kọ́kọ́ fi àkáǹtì Microsoft wọlé, wọn ò bi yín, wọ́n kàn ṣe é. Ààbò gidi ni, bí olè bá jí ẹ̀rọ yín kò ní rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Àmọ́ TPM ló ń di kọ́kọ́rọ́ náà mú, ó sì ń ṣọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń tàn, tẹ́ ẹ bá ti yí nǹkan nínú BIOS, á ní "ta nìyí?", á sì di ẹnu dúró títí tẹ́ ẹ fi mú nọ́ńbà wá.

Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ kọ:

manage-bde -status C:

Bó bá ní Protection On, ẹ̀rọ yín wà nínú àwọn tí mò ń sọ. Ẹ wá kọ:

manage-bde -protectors -get C:

Ó máa kó àwọn nǹkan kan jáde, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Numerical Password sí, ID wà lókè, nọ́ńbà gígùn tó jẹ́ ìdì mẹ́jọ, mẹ́fà mẹ́fà, wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé gidi, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà yẹn kan náà. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀ náà. Ẹ kọ ìbẹ̀rẹ̀ ID yẹn mọ́ ọn, torí ojú búlúù yẹn máa fi ID hàn yín kẹ́ ẹ lè mọ nọ́ńbà tó yẹ kẹ́ ẹ mú, pàápàá tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ju ọ̀kan lọ. Nọ́ńbà yìí tún sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft yín, ní aka.ms/myrecoverykey, ẹ lọ wò ó níbẹ̀ lónìí, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ojú bá ti di búlúù, torí ẹ lè wá rí i pé ẹ ò rántí páswọ́ọ̀dù àkáǹtì náà gan-an. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nìyẹn. Mo ṣì ń rántí bí àbúrò mi ṣe ń ka nọ́ńbà náà sí mi létí látorí fóònù, mẹ́fà mẹ́fà, tí mò ń tẹ̀ ẹ́, tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n, tá a wá ṣi ọ̀kan tẹ̀ nínú ìdì karùn-ún, tá a sì ní láti padà sẹ́yìn.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yí ohunkóhun nínú BIOS, tàbí kẹ́ ẹ ṣe ápdéètì BIOS fúnra ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ní kí BitLocker sinmi ná:

manage-bde -protectors -disable C: -rc 0

Kò tú dísíkì yín o, ó kàn ní kó má ṣọ́nà fúngbà díẹ̀ ni. Bẹ́ ẹ bá parí gbogbo ẹ̀, ẹ fi -enable rọ́pò -disable kẹ́ ẹ yọ -rc 0 kúrò, iṣẹ́ á padà sẹ́nu.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ palẹ̀ ilé mọ́

Ẹ wo àyè tó ṣẹ́kù lórí C. Tèmi, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ tí kò bá tó 30GB. Settings, System, Storage, Temporary files, ẹ lè fi ibẹ̀ gbá ìdọ̀tí dànù, àmọ́ ẹ wo àwọn àpótí tí wọ́n máa sàmì sí dáadáa, torí Downloads wà lára wọn, tẹ́ ẹ bá sì ti sàmì sí i, gbogbo ohun tó wà nínú Downloads yín ti lọ nìyẹn.

Ẹ yọ antivirus tó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn kúrò, Windows ní tiẹ̀ tó máa ṣọ́ yín. Ẹ pa VPN. Ẹ fa gbogbo ohun tó wà lára USB yọ, fúláàṣì, dísíkì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kámẹ́rà, ẹ fi mouse àti kíbọ́ọ̀dù nìkan sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ bá Windows 10 yẹn tún ara ẹ̀ ṣe ná, torí bí ìpìlẹ̀ bá ti wó, ilé tuntun ò ní dúró lórí ẹ̀. Nínú Command Prompt administrator:

DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth

Ó lè dúró lórí nọ́ńbà kan bí ẹni tó sùn lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá parí:

sfc /scannow

Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tàn, kẹ́ ẹ tó máa lọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Ọ̀nà wo lẹ fẹ́ gbà?

Èyí tó rọrùn jù ni Windows Update fúnra ẹ̀, nínú Update & Security. Bó bá ti gbé e wá fún yín pé Windows 11 ti ṣetán, ẹ tẹ Download and install, ó tán. Bí kò bá gbé e wá tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀rọ yín yẹ, ẹ lo Windows 11 Installation Assistant látọ̀dọ̀ Microsoft.

Àmọ́ èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni ISO. Fáìlì kan ṣoṣo tó kó gbogbo Windows 11 sínú ni, ó tó bíi 5GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè dáńlóòdù ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dáa, kẹ́ ẹ fi ṣe ẹ̀rọ mẹ́ta, mẹ́rin nínú ilé, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń já lójú ọ̀nà ò lè dá a dúró mọ́. Ẹ tẹ ISO yẹn lẹ́ẹ̀mejì, á ṣí bíi dísíkì, ẹ wá tẹ setup.exe. Níbi àkọ́kọ́, ẹ tẹ Change how Setup downloads updates, ẹ yan Not right now, ápdéètì lè dúró di ẹ̀yìn.

Bó bá dé ibi tó ń béèrè ohun tẹ́ ẹ fẹ́ tọ́jú, Keep personal files and apps ni kó wà níbẹ̀. Ẹ dúró wo ibí yìí dáadáa. Bí ibẹ̀ bá ti ṣú, tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ yan án, ẹ má tẹ Next! Ó sábà máa ń jẹ́ pé èdè ISO yín àti èdè Windows tó wà lórí ẹ̀rọ ò dọ́gba, bíi kí ẹ̀rọ wà ní English (United States) kí ISO sì jẹ́ English International, tàbí kó jẹ́ pé Home àti Pro ò bára mu. Ẹ jáde, ẹ lọ dáńlóòdù èyí tó bá a mu.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fi í sílẹ̀

Ẹ ti ṣájà bọ̀ ọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní àkókò tẹ́ ò ní nílò ẹ̀rọ náà títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì, ẹ má ṣe é lówùúrọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ ní ìpàdé.

Ó máa pa ara ẹ̀, ó máa tan ara ẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ẹ̀ lè dúdú kirikiri fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Nọ́ńbà ìdá ọgọ́rùn-ún yẹn máa sáré títí á fi dé ibì kan, á wá dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wákàtí kan. Àsìkò yìí lọkàn èèyàn máa ń já, ọwọ́ á sì máa yún un láti tẹ páwà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo iná kékeré tó ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ, èyí tó ń fi hàn pé dísíkì ń ṣiṣẹ́, bó bá ṣì ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ń lọ. Ẹ gbọ́ bóyá fáànù ń yí. Bí dísíkì yín bá jẹ́ irú àtijọ́ tó ń yí, tí kì í ṣe SSD, ẹ múra láti fi odindi ọ̀sán tàbí òru jìn ín.

Ìgbà wo ló wá yẹ kéèyàn dá sí i? Tèmi, tó bá tó wákàtí mẹ́ta lórí nọ́ńbà kan ṣoṣo, tí iná ò ṣẹ́jú rárá, ìgbà yẹn ni mo máa ń di páwà mú fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kó kú, kí n tún un tàn. Lọ́pọ̀ ìgbà Windows á mọ̀ fúnra ẹ̀ pé nǹkan bà jẹ́, á kọ ọ́ pé òun ń dá gbogbo ẹ̀ padà, ẹ sì máa bára yín nínú Windows 10 yín bó ṣe wà.

Bó bá jẹ́ pé ojú dúdú lẹ̀ ń wò tí mouse nìkan ń rìn níbẹ̀, ẹ tẹ kíì Windows, Ctrl, Shift àti B pa pọ̀, ìyẹn máa ń tún dráífà àwòrán bẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn ojú á sì mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Bó bá kùnà

Ẹ má kàn tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó kọ́kọ́ dá a dúró ṣì wà níbẹ̀, ẹ máa tún lo wákàtí mìíràn kẹ́ ẹ tó padà débẹ̀. Ẹ kọ kóòdù tó bá jáde sílẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

0x80070070, àyè ò tó lórí dísíkì, ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 4. 0xC1900208, prọ́gíráàmù kan wà tí kò lè bá Windows 11 gbé, ẹ wá a yọ, antivirus àtijọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá ní òun ò lè ṣe ápdéètì System Reserved Partition, àyè kékeré tí Windows fi ń tàn ló ti kún, èyí gba ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ má fi í kọ́ṣẹ́.

Èyí tó máa ń dá èèyàn lágara jù ni 0xC1900101. Dráífà ló sábà máa ń jẹ́, ìyẹn prọ́gíráàmù kékeré tó ń jẹ́ kí Windows lè bá Wi-Fi, ohùn, tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ kóòdù yẹn ò ní sọ dráífà wo. Mo ti bá a jà lórí ẹ̀rọ kan rí fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ó máa dé ìdajì, á tún ara ẹ̀ tàn, á ní òun ń dá gbogbo ẹ̀ padà. Lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọjọ́ kẹta ni mo wá ṣàkíyèsí pé Wi-Fi kékeré olówó pọ́ọ́kú kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, tó kéré ju èékánná lọ, wọ́n ti kì í bọ USB látìgbà tí Wi-Fi inú ẹ̀rọ ti bà jẹ́, ó ti pẹ́ débi pé ojú ẹnikẹ́ni ò rí i mọ́. Mo fà á yọ, mo yọ dráífà ẹ̀ nínú Device Manager, mo tún un bẹ̀rẹ̀ látinú ISO láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì lọ tààrà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ fa gbogbo ẹ̀ yọ níbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì yí ẹ̀rọ yẹn po kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ihò USB kọ̀ọ̀kan.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó fà á gan-an, Microsoft ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ SetupDiag, ó ń bá yín ka àkọsílẹ̀ tí Windows fi sílẹ̀, á sì sọ ibi tó ti bà jẹ́ ní gbólóhùn díẹ̀. Ó sàn ju kẹ́ ẹ máa méfò lọ.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ ti wọlé, kí ló kàn?

Ẹ lọ sínú Windows Update lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kó dáńlóòdù títí kò fi ní sí nǹkan mọ́, ẹ tún wo Optional updates, inú Advanced options ló wà, ibẹ̀ làwọn dráífà máa ń fara pa mọ́ sí. Ẹ ṣí Device Manager, bẹ́ ẹ bá rí àmì pupa rúsúrúsú lára ohunkóhun, dráífà ẹ̀ ló sọnù, ẹ lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù yín kẹ́ ẹ fi orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀ wá a. Bó bá jẹ́ Wi-Fi gan-an ló sọnù, ẹ fi kébúlù USB so fóònù mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering, kẹ́ ẹ fi ìyẹn dáńlóòdù ẹ̀.

Ẹ wo Activation nínú Settings, System. Windows 10 tó jẹ́ ojúlówó máa gbé ìwé àṣẹ ẹ̀ wọ Windows 11 láìgba kọ́bọ̀. Ẹ tẹ ìwé kan jáde. Ẹ ṣí kámẹ́rà. Ẹ gbọ́ orin. Ẹ ṣí prọ́gíráàmù iṣẹ́ yín, ẹ ṣe iṣẹ́ gidi kan nínú ẹ̀, ẹ má kàn ṣí i kẹ́ ẹ pa á.

Bọ́tìnì Start tó wà láàárín yẹn máa bí ọ̀pọ̀ yín nínú, ó bí èmi náà nínú. Ẹ lọ sí Personalization, Taskbar, Taskbar behaviors, ẹ yan Left, á padà sí àyè ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì tẹ bọ́tìnì ọ̀tún tẹ́ ò rí ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá, Shift pẹ̀lú F10 máa mú ti àtijọ́ jáde.

Ẹ má gbàgbé láti tan BitLocker tẹ́ ẹ ní kó sinmi yẹn padà.

Ìgbésẹ̀ 9: Ọjọ́ mẹ́wàá

Windows kò ju ti àtijọ́ nù lójú ẹsẹ̀, ó kó o sínú fọ́ldà kan tó ń jẹ́ Windows.old, ọjọ́ mẹ́wàá ló fi máa tọ́jú ẹ̀. Láàárín ọjọ́ yẹn, bó bá sú yín, ẹ lọ sí Settings, System, Recovery, ẹ tẹ Go back, ẹ máa padà sí Windows 10 pẹ̀lú fáìlì yín, prọ́gíráàmù tẹ́ ẹ bá ti fi sí i àti ètò tẹ́ ẹ bá ti yí nínú Settings lẹ́yìn ápgíréèdì ló máa lọ. Ọjọ́ mẹ́wàá kéré jù lójú tèmi, èèyàn lè má tiẹ̀ tíì lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ kìíní tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ ṣí Command Prompt administrator, ẹ kọ:

DISM /Online /Set-OSUninstallWindow /Value:60

Ó ti di ọgọ́ta ọjọ́ nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, lẹ́yìn ìyẹn kò ní gbọ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, bẹ́ ẹ bá ń gbá ìdọ̀tí ẹ̀rọ, ẹ má sàmì sí Previous Windows installation, torí ọ̀nà àbọ̀ yín lẹ̀ ń sun níná yẹn.

Bó bá ti dá yín lójú pé gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́, ẹ wá lọ sí Temporary files, ẹ sàmì sí i nígbà yẹn, ẹ máa gba ọ̀pọ̀ GB padà lẹ́ẹ̀kan náà. Dísíkì tẹ́ ẹ kó ẹrù sí níbẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì nù ún. Àbúrò mi ti parí iṣẹ́ ẹ̀, ó ti gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀, ìwé tá a kọ nọ́ńbà 48 yẹn sí ṣì wà nínú àpò láptọ́ọ̀pù mìíràn tí kì í gbé jáde nílé.